Fúláàsì oúnjẹ tí mo fi ń gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná wọ kòtò Erédò

Ẹ̀yin ará, láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń lo fúláàsì yìí, ó sì ti tó kí n sọ bó ṣe rí, torí àwọn àgbéyẹ̀wò tí mò ń rí nípa irú nǹkan báyìí, omi gbígbóná ni wọ́n máa ń dà sí i, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi náà ṣì gbóná wọ́n á ní ó dáa, ó parí. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ilé ni mò ń gbé sínú ẹ̀, oúnjẹ tó kì, tó ní ẹja, tó ní epo.

Ìdí tí mo fi rà á ni pé àwa kan wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí tá a máa ń lọ rìn ní Erédò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ mọ kòtò ńlá tí wọ́n ní Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan láyé àtijọ́, ló ni ín, tó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ibì kan wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri ẹ̀ tó 20 mítà. Tí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ ibẹ̀ ń yọ̀ gan-an ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ la máa ń lọ. Àmọ́ òtútù inú ẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Igi ti pàdé lókè, ògiri ga lọ́tùn-ún lósì, ara ẹ̀ tutù, ó sì ń dán bíi pé ẹnì kan ń fi omi rà á, oòrùn ò tètè débẹ̀ rárá. Ẹni tó wà ní títì ní aago 11 á ti máa làágùn, àwa tá a wà nínú kòtò ò tíì bọ́ súwẹ́tà. Ẹ wá ní kí èèyàn jókòó síbẹ̀ kó máa jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú mínírà tútù, inú onítọ̀hún ò lè dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà ló ní kí n lọ wá fúláàsì ẹlẹ́nu fífẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, tí wọ́n bá lọ rìn nínú igbó nígbà wíńtà, omi inú ike gan-an lè dì kí wọ́n tó mu ún, ọbẹ̀ gbígbóná inú fúláàsì ni wọ́n ń gbójú lé. Ọyẹ́ tiwa ò le tó yẹn, àmọ́ ara tó ti rìn rìn rìn ń fẹ́ nǹkan gbígbóná níbikíbi.

Èyí tí mo ní, sítéènlẹ́ẹ̀sì ni, 750 ml, ara ẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín ẹ̀ kúrò, ìyẹn ni ooru ò fi tètè ríbi gbà jáde. Síbí ìjẹun gidi ń wọ ẹnu ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo rà á, owó ẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦20,000, mo mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré. Kúlà oníke ńlá tá a ń gbé lọ òde dáa ní tiẹ̀ torí oúnjẹ pọ̀ nínú ẹ̀, ooru oúnjẹ yẹn ló ń ran ara wọn lọ́wọ́, àmọ́ kúlà kékeré tí oúnjẹ ẹnì kan wà nínú ẹ̀, kí ẹ tó rìn dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ jẹun ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o, fúláàsì ò ní iná nínú. Ooru tẹ́ ẹ bá fún un ló máa tọ́jú. Torí náà mo máa ń da omi híhó sí i kọ́kọ́, màá dé e fún bíi ìṣẹ́jú 10, màá dà á nù, kíá, oúnjẹ tó ṣì ń hó lórí iná ni màá bù sí i, kó kún dé ọrùn, torí àlàfo ń jẹ́ kó tètè tutù. Ìkọ́kọrẹ́ ló bá a lọ jù. Òbòkún gbígbẹ láti ọjà Olúwo, edé, pọ̀nmọ́ tí mo gé wẹ́wẹ́, kí epo àti ata ti hó dáadáa kí n tó máa fi ọwọ́ já ewùrà rírin sí i, mi ò sì ní rò ó àfi tó bá ti dì. Èyí tó ń lọ inú fúláàsì, mo máa ń jẹ́ kó rọ̀ ju ti ilé lọ díẹ̀, torí ó ṣì máa kì sí i nínú ibẹ̀. Mo dé e ní aago 6 àárọ̀, a ṣí i nígbà tí aago 12 ti kọjá, èéfín bọ́ sí mi lójú, epo ṣì ń ṣàn létí ẹ̀, ṣe ni mo ń fẹ́ síbí kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e sẹ́nu. Ẹ̀bà tútù tí mo wé sínú náílọ́ọ̀nù la fi jẹ ẹ́, ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ̀wà náà dáa nínú ẹ̀, àsáró náà dáa. Ìrẹsì á rọ̀ jù. Dòdò àti ẹja díndín, ẹ má dán an wò, oru á sọ wọ́n di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Ẹ̀bà gbígbóná máa ń lómi lójú.

Nǹkan kan wà tí mi ò fi ṣeré: tẹ́ ẹ bá ṣí i tó jẹ́ pé ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́, tẹ́ ẹ ò sì mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù. Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lókè 60°C, tó bá wá sísàlẹ̀ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò àìsàn á ti máa bí sí i, pàápàá nínú ẹja àti ìrẹsì. Oúnjẹ àná tí wọ́n kàn fi iná gbá lára, kò gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀.

Àléébù ẹ̀ ni rọ́bà ọmọrí. Ó ń fa òórùn ẹja mọ́ra. Ẹ yọ ọ́ lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó, ẹ fọ abẹ́ ẹ̀, ẹ má ti ọmọrí pa tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́. Ó tún wúwo.

Ọ̀kan tí mo kọ́kọ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ ti wọ àárín ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, ẹni tó tà á ò sì gbà kí n pààrọ̀ ẹ̀, ó dùn mí gan-an. Ọjà ni mo ti ra èyí, mo ní kí ìyá tó ń tà á bá mi da omi híhó sí i, a dúró díẹ̀, mo fọwọ́ kan ara ẹ̀ níta, ó tutù, mo sanwó. Tí ara ìta bá gbóná, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kò ní gbé oúnjẹ yín dé ibì kankan. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní rọ́bà ọmọrí lọ́tọ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.