Èépá ẹsẹ̀ ẹṣin: òrí, òróró àgbọn, dongoyárò àbí áyódíìnì?

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì, kì í pẹ́ tí èépá fi máa ń yọ lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ ẹṣin, lókè pátákò níbẹ̀ yẹn. O fọwọ́ kàn án, ẹṣin já ẹsẹ̀ gbà. Gbogbo ẹni tó bá sì yà sọ́dọ̀ rẹ ló ní oògùn tirẹ̀. Èmi ti lo ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀kan sì jẹ mí lówó gan-an. Ẹni tó ń múra láti lọ ra nǹkan l'ọ́jà Agbálátà ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí iye owó. Kò sí èyí tó wọ́n nínú wọn bíi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹṣin ò lè lọ gbé èrò fún owó ní etíkun.

Òróró àgbọn ni tiwa níbí, ó rọrùn láti rí, ó sì ń ta sánsán. Àmọ́ iyanrìn ni yóò bá ọ pa á: kí ẹṣin tó rìn dé omi, ẹsẹ̀ ti dà bí ẹja tí wọ́n yí ní gààrí.

Òrí ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Ẹṣin mi kan ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì tó funfun, ẹsẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀ ni èépá sì máa ń tètè bá. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni mo rí i. Mo ra òrí abọ́ ńlá kan, bí ẹṣin bá sì ti omi dé nírọ̀lẹ́, mo á fi òrí sí ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta, ó ń dán, inú mi ń dùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ wú dé orúnkún, ọyún ń jáde lábẹ́ èépá. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí èrò kún etíkun fọ́fọ́, ẹṣin mi dúró sílé lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Owó tí n kò rí gbà lọ́jọ́ náà, owó dókítà ẹran tún gun orí rẹ̀.

Dókítà yẹn ló là mí lójú. Kòkòrò àìfojúrí kan ni, Dermatophilus congolensis. Ní Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1915, òun náà ló sì ń fa àrùn awọ màlúù tí àwọn Haúsá ń pè ní kirci. Awọ tó rin tó sì ti bó díẹ̀ ló ń bá wọlé, ó sì fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Èmi wá lọ fi òrí dí omi mọ́ ọn lára. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, mo tún gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bi oògùnkóògùn: tí mo bá lò ọ́ tán, ṣé ẹsẹ̀ á gbẹ?

Omi dongoyárò yege níbẹ̀. O se ewé, o jẹ́ kó tutù, o fi wẹ ẹsẹ̀, ó ṣàn lọ. Ọ̀fẹ́ ni ewé. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìkòkò òní kì í le bíi ti àná, iná dídá lójoojúmọ́ sì ń súni. Ọṣẹ dúdú dára fún fífọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ojoojúmọ́, eérú inú rẹ̀ á gbẹ awọ títí yóò fi là. Omi òkun ńkọ́? Iyọ̀ rẹ̀ á gbẹ mọ́ egbò, iyanrìn á sì máa gé e. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò, tí àwọn kan ń kùn, ẹ jọ̀ọ́.

Áyódíìnì ti kẹ́mísì: bu omi lù ú títí yóò fi rí bíi tíì tí kò ki, tí a ò fi mílíìkì sí. Fi wẹ ẹsẹ̀, dúró ìṣẹ́jú 10, ṣan án, kí o wá fi táwẹ́lì nù ún gbẹ ṣáká, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú táwẹ́lì tirẹ̀. Má fa èépá tó gbẹ; èyí tó ti rọ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ó lè ran ènìyàn. Ó ń ba aṣọ jẹ́, òótọ́ ni.

Kí n má ṣègbè: òrí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò ní nǹkan kan, tó sì gbẹ, fi òrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á kó tó wọ ẹrẹ̀, omi ò ní tètè wọ ọ́. Tí èépá bá ti yọ, tí o ní igi ìdáná àti sùúrù, lo dongoyárò. Tí o ò ní, o mọ ibi tí kẹ́mísì wà. Ẹsẹ̀ tó bá ti wú, tàbí tí ẹṣin ń tiro, dókítà ẹran ni kí o pè, má ra ìkankan.

Èmi máa ń ra ìgò áyódíìnì méjì pa mọ́ kí òjò tó dé. Ìyókù abọ́ òrí yẹn wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń dán.