Ọ̀dà adènà omi àti gráùtì epoxy tí mo fi tún balùwẹ̀ wa ṣe: ohun tójú mi rí lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ní in lọ́kàn pé màá kọ nǹkan nípa balùwẹ̀ yìí, mo kàn ní kí n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ná, torí kò sí balùwẹ̀ tuntun tí kì í rẹwà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní báyìí ó ti pé oṣù 18, èèyàn márùn-ún ló ń wẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ojú mi ló ṣe. Ọ̀dà adènà omi tí wọ́n ń kùn sábẹ́ táìsì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù, lẹ́yìn náà gráùtì epoxy (gráùtì ni ohun tí wọ́n fi ń dí àárín táìsì sí táìsì, ti epoxy kì í mu omi bíi ti sìmẹ́ńtì), fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, àti ọ̀nà tá a gbà ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tá a ti ń bọ̀. Ní bí ọdún mẹ́ta ṣáájú àtúnṣe tuntun yìí, a ti tún balùwẹ̀ yìí kan náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin tó ṣe é mọ iṣẹ́ ojú gan-an, táìsì ẹ̀ gún régé, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn ín, èmi náà yìn ín, kódà mo fi nọ́ńbà ẹ̀ lé àwọn èèyàn lọ́wọ́. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ọ̀dà ògiri yàrá àwọn ọmọ, èyí tó kẹ̀yìn sí ṣáwà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń lé bí ara tómi gbígbóná bó, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bọ́ sílẹ̀. A ra ọ̀dà, a tún un kùn. Ó tún wú. A pe púlọ́ńbà, ó yẹ gbogbo páìpù wò, kò rí ibi tó ń jò, ó gba owó ẹ̀ ó lọ.

Àṣé kì í ṣe páìpù. Àárín táìsì sí táìsì lomi ń gbà wọlé, níbi tí wọ́n fi gráùtì sìmẹ́ńtì dí. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rárá pé gráùtì sìmẹ́ńtì máa ń mu omi, mo rò pé táìsì ló ń dá omi dúró. Táìsì kọ́. Táìsì wà fún ẹwà àti kó lè rọrùn láti fọ̀, ohun tó ń dá omi dúró abẹ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, tí kò bá sí níbẹ̀ omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, á jókòó sínú sìmẹ́ńtì, ògiri á sì máa fà á gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bó ṣe dé yàrá àwọn ọmọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun tá a pè dé, kò tíì gbé irinṣẹ́ kankan sílẹ̀ tó fi yọ owó ẹyọ kan lápò, ó ń fi kan táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibì kan á dún kó, ibì kan á dún gbò bí ìgbà téèyàn lu ike òfìfo. Ó ní ẹ ń gbọ́ èyí tó ń dún gbò yẹn, kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Ó fi tíráwẹ̀lì hú ọ̀kan jáde, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ kí n lè rí i: òkìtì sìmẹ́ńtì márùn-ún péré ló wà lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín, gbogbo ìyókù òfìfo, omi dúdú sì ló wà nínú òfìfo yẹn, ó ń rùn. Ọdún mẹ́ta la fi ń wẹ̀ lórí omi yẹn. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò lè purọ́, torí ẹni tó ṣe é mọ̀ pé a ò ní rí ẹ̀yìn táìsì láé ló ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí sìmẹ́ńtì kárí gbogbo ẹ̀yìn táìsì ní ibi tó ń tutù, kí wọ́n fi tíráwẹ̀lì eléyín fà á, kí wọ́n tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn táìsì fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe tiyín, ẹ ní kó hú ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ jáde kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ tún ṣe. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi kì í lọ tán, kànìnkànìn la fi ń gbá a lọ sójú ihò. Ọ̀gá yìí mú kó dagẹ̀rẹ̀, nínú gbogbo mítà kan ilẹ̀ á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀ sọ́nà ihò omi, ó ń gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e léraléra. Lórí èyí tó ti dagẹ̀rẹ̀ yẹn ló wá kun ọ̀dà lé.

Ọ̀dà náà fúnra ẹ̀ ki ju ọ̀dà ògiri lọ dáadáa, tó bá gbẹ tán á di bíi rọ́bà, tẹ́ ẹ bá fà á á nà. Ó kọ́kọ́ gbá gbogbo eruku kúrò, ó fi ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ṣàn bí omi pa ojú sìmẹ́ńtì, torí sìmẹ́ńtì gbígbẹ máa ń mu omi inú ọ̀dà kíákíá, kò ní jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi báńdéèjì, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo igun, níbi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé, yíká ẹnu páìpù, yíká ojú ihò omi, ààbọ̀ ọjọ́ gbáko ló lò lórí igun nìkan. Mo bi í pé ṣé dandan ni, ó ní, "Màdáámù, omi kì í wá àárín ògiri, igun ló máa ń wá." Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá kun ọ̀dà náà, èkíní láti òkè wá sílẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, èkejì láti ọ̀tún sósì, kí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá fò nígbà àkọ́kọ́ lè rí nǹkan mu nígbà kejì. Ní ibi ṣáwà ó kùn ún kọjá orí èèyàn, bíi mítà méjì, ní ìyókù balùwẹ̀ ó jẹ́ kó gun ògiri bíi sẹ̀ǹtímítà 15.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nípa ọ̀dà yìí ni pé kò pọ̀ bí mo ṣe rò. Iye mítà tí wọ́n kọ sára ike pé ó máa kárí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà fún, ẹ̀ẹ̀mejì sì lẹ máa kùn ún, lẹ́tà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, mi ò kà á tán. Ike méjì ni mo rà, a padà sáré ra ẹ̀kẹta nígbà tí iṣẹ́ ti dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fà á tín-ín-rín kó lè tó, èyí tó bá tín-ín-rín kò ní dá nǹkan kan dúró.

Wàyí o, ìdánwò omi. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ tán, kí táìsì kankan tó dé ibẹ̀, ọ̀gá fi rọ́bà dí ojú ihò omi, ó da omi sí ilẹ̀ ṣáwà títí ó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri níbi tómi dé, ó ní ká fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. Ní bí aago méjì òru mo dìde, mo tan iná fóònù mi sí i, omi náà dúró jẹ́ẹ́ lórí ìlà pẹ́ńsùlù, kò fi bí irun orí wálẹ̀. Mo bọ́ sí yàrá àwọn ọmọ, wọ́n ti sùn lọ fọnfọn, mo rọra fọwọ́ pa ògiri wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbẹ. Ọjọ́ kejì omi ṣì wà níbẹ̀, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá bá yín ṣe balùwẹ̀ tó ní òun ò ní àkókò fún ìdánwò yìí, ẹ wá ẹlòmíì. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni o, ohun tí mo ti fojú rí ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní ti táìsì, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ń dán bíi dígí, ìyá ọkọ mi yọ̀ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì ọwọ́ wọn wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní torí èmi ni mo yàn án, àwọ̀ ẹ̀ nìkan ni mo wò. Lọ́tẹ̀ yìí táìsì porcelain (amọ̀ tí wọ́n fi iná sun tó le gan-an) wẹ́wẹ́ tí kò dán la lò sí ilẹ̀ ṣáwà, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, porcelain kì í mu omi ju 0.5% ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ, àárín táìsì tó pọ̀ yẹn sì ń di ẹsẹ̀ mú, ó tún rọrùn fún táìsì kékeré láti tẹ̀ lé ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, èyí tó bá tóbi àfi kẹ́ ẹ gé e. Ìyá wa ń wọlé báyìí láìdi ògiri mú.

Ṣùgbọ́n táìsì wẹ́wẹ́, gráùtì ló pọ̀ níbẹ̀, ìdí tá a fi lo epoxy nìyẹn. Nǹkan méjì ni wọ́n máa ń pò pọ̀, bí wọ́n bá ti pò ó báyìí kò ní pẹ́ tó fi máa le, ìyẹn ló fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀gá ń pò ó, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi àti kànìnkànìn láti nù ún kúrò lójú táìsì kó tó gbẹ. Síbẹ̀síbẹ̀ ó fi nǹkan kan bí ìkùukùu sílẹ̀ lápá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi fínígà fọ̀ ọ́, kò lọ, àfìgbà tá a ra omi ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún epoxy gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo máa ní kẹ́ni tí kò ṣe é rí dán wò nílé ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, oṣù 18, àwọ̀ eérú tó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì ní, ọṣẹ ò wọ inú ẹ̀, ọ̀dà irun tí mo ta sí i lára kúrò nígbà tí mo nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá ti lo epoxy ẹ ò nílò ọ̀dà adènà omi mọ́ o, ẹ ṣì nílò ẹ̀.

Ní gbogbo igun, gráùtì kọ́ ló fi sí i, sílíkónì ni, torí ògiri àti ilẹ̀ máa ń sún díẹ̀, gráùtì á sán, sílíkónì á kàn nà ni. Ibẹ̀ nìkan ni nǹkan dúdú ti hù nínú balùwẹ̀ yìí, lábẹ́ ibi tí ìgò ọṣẹ irun ń jókòó sí. Mo fi abẹ gé e kúrò, mo fọ ibẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fi tuntun sí i. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì nìyẹn á máa ṣẹlẹ̀, kò burú.

Fáànù ni mo máa fún ní máàkì tó kéré jù, torí ariwo ẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa ṣá. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ inú àjà ló ń tú ooru omi sí, pákó àjà wá rọ̀, eléyìí páìpù ẹ̀ jáde síta gbangba. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́, ẹ mú ìwé ìnùdí kan, ẹ gbé e sí i lẹ́nu, tó bá ń fà á ìwé á lẹ̀ mọ́ ọn. A máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tẹ́ni tó wẹ̀ kẹ́yìn bá jáde.

Ọ̀ṣọ́ kò le rárá lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Ògiri mẹ́ta funfun, ọ̀kan àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, mo fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n àwọ̀ tó ṣókùnkùn máa ń fi àbàwọ́n omi hàn, àfi kẹ́ ẹ máa nù ún. Iná dígí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la fi í sí dípò òkè, ojú ò ní òjìji mọ́ téèyàn bá ń fárùngbọ̀n tàbí tó ń lé tìróò. Nígbà tó wá kan ibi tá a máa fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́, ọkọ mi ti gbé ẹ̀rọ ìdálu wá tán, mo ní rárá o, ní ibi ṣáwà kò séyìí tó máa lu ògiri mi, torí gbogbo ihò tẹ́ ẹ bá lù níbẹ̀ á gba inú ọ̀dà adènà omi kọjá. Èyí tó ń lẹ̀ la lò níbẹ̀, èyí tá a lù wà lókè ilẹ̀kùn, níbi tómi kì í dé. Ẹni tó wá gbé ilẹ̀kùn gíláàsì náà fẹ́ lu ilẹ̀, a jọ jà á díẹ̀, ó padà fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́, kò sì tíì mì.

Ohun kan tó ṣì ń dà mí láàmú ni pẹpẹ kékeré tí wọ́n gbẹ́ sínú ògiri ṣáwà fún ọṣẹ. Isàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó yẹ kó dagẹ̀rẹ̀ síta díẹ̀, omi ń dúró síbẹ̀, ọṣẹ ń yọ́ sínú ẹ̀, àràárọ̀ ni mò ń nù ún. Mo ti pe ọ̀gá, ó gbà pé òun ló gbàgbé ẹ̀, ó ní òun máa wá hú táìsì ìsàlẹ̀ yẹn nìkan kóun tún un lẹ̀. Mo ṣì ní páálí táìsì kan nílẹ̀ tó kù, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà lára ògiri, àwọ̀ ò ní yàtọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó mú ọ̀dà dání, kó kun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lẹ nǹkan kan lé e.