Tíkẹ́ẹ̀tì Formula 1 ní Íńdíà: ohun tí owó rà, àti ìdí tí ìjókòó fi ṣófo

Lọ́dún 2011, tí Íńdíà kọ́kọ́ gba ìje ọkọ̀ Formula 1, ní pápá Buddh tó wà ní Greater Noida, 2,500 rúpì ni tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù, 35,000 sì ni èyí tó wọ́n jù. Tó bá jẹ́ ti ìran wíwò nìkan, owó náà kò ṣòfò. Kọ́nà kẹrin ni mo fara mọ́ ju ibi yòówù lọ. Látorí kọ́nà kẹta, títì nà gbọọrọ ju kìlómítà kan lọ. Ọkọ̀ á ti sáré kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan kó tó tẹ búrékì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ya ara wọn sílẹ̀. Lórí àga olówó ńlá tó kọjú sí ibi ìpààrọ̀ táyà, fìrì ni ọkọ̀ ń kọjá. Ohun ìdíetí kì í ṣe fáàrí: ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ìgbà yẹn lè yí 18,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ariwo rẹ̀ sì pọ̀.

Ọ̀nà ni wàhálà. Ó tó bíi 50 kìlómítà sí Delhi, kò sì sí rélùwéè metro tó dé Greater Noida nígbà náà. Bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò ni, gbogbo èrò á sì já sí títì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èrò ọjọ́ ìje tó 95,000 lọ́dún 2011. Nígbà tó fi máa di 2012, ó já wá sí bíi 65,000. (Ẹ ṣọ́ra fún iye tí àwọn olùṣètò ń kéde: ẹni kan ṣoṣo tó wá ní Fráìdé, Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí.) Ọdún àkọ́kọ́, ojúmìító ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn nílò ẹni tiwọn tí wọ́n á máa pariwo fún. Ẹgbẹ́ HRT tí kò lágbára ni Narain Karthikeyan, awakọ̀ ọmọ Íńdíà, ń wakọ̀ fún. Ní 2013, kò sí awakọ̀ ọmọ Íńdíà kankan nínú ìje náà. Sebastian Vettel, awakọ̀ ọmọ Jámánì, ló sì gba ìje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti 2011 dé 2013. Ìjọba Uttar Pradesh, ìpínlẹ̀ tí pápá náà wà, tún ka ìje sí fàájì, wọn ò kà á sí eré ìdárayá, wọ́n sì bu owó orí lé e. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn lójú tèmi.

MotoGP, ìje alùpùpù, wá síbẹ̀ ní September 2023. Ooru mú débi pé wọ́n dín ìyípo 24 kù sí 21, ti 2024 kò sì wáyé.

Ní orílẹ̀-èdè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìje, ẹ má sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ní dá padà. Ní Yeongam, ní Korea Gúúsù, lọ́dún 2010, ọjọ́ 12 péré ló kù kí ìje wáyé kí FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìje ọkọ̀ lágbàáyé, tó fọwọ́ sí pápá náà.