Highlander 2004–2007 tàbí Pilot 2003–2008: Èwo Ni Yóò Bá Yín Pẹ́?

Bí ẹ bá ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí títì ọlọ́dà kò sì tíì dé àdúgbò yín, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ méjì ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún yín: Toyota Highlander àti Honda Pilot. Mo lo Pilot fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Highlander ọdún 2005 tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ ti di ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi, òun náà ni mo sì fi gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí.

Èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà (4WD) ni mò ń sọ o. Highlander tí iwájú nìkan ń fà pọ̀ lọ́jà, Pilot náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní irú rẹ̀ láti 2006. Ẹ má fi àmì tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: irin gígùn kan, propeller, gbọ́dọ̀ ti iwájú lọ bá ẹ̀yìn.

Ẹ́ńjìnnì

Méjèèjì lágbára, kò sí èyí tí mo lè bú. Timing belt, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ fiyè sí. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ ti Highlander V6 (onípísítìn mẹ́fà) ní 90,000 máìlì, ti Pilot sì jẹ́ nǹkan bíi 105,000. Máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi ẹ̀rí pípààrọ̀ hàn yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ rà á, kí ẹ sì pààrọ̀ water pump tó ń yí omi ká ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, nítorí bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí i.

Jíà

Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí jíà kejì tó ń gbóná jù. Pilot 2003 àti 2004 wà lára wọn. Bí Pilot bá wù yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2005. Jíà Highlander mi kò tíì fún mi ní wàhálà. ATF T-IV, ọ́ìlì tí Toyota ní kí a lò, ni mò ń dà sí i, n kì í sì í da òmíràn.

Ọ́ìlì ẹ̀yìn

Ibí yìí ni mo ti jìyà, nítorí náà ẹ fún mi láyè.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ amọ̀ pupa ni ọ̀nà ilé wa n'Ìbàdàn. Bí òjò Òkúdù bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ lásán kò lè gùn ún, Pilot sì ń gùn ún láìjanpata. Inú mi dùn sí ọkọ̀ náà gidigidi. Lọ́dún kẹta, a rí i pé ọ́ìlì ń jò níbi jíà ẹ̀yìn (differential, àpótí irin tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì). Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ ìdílé wa ṣe láti ayé bàbá mi. Ó pààrọ̀ rọ́bà (oil seal) tó ti gbó, ó fa ọ́ìlì àtijọ́ dànù, ó sì da ọ́ìlì jíà 90 sí i, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ọkọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá ti lọ́ ọwọ́ rẹ̀ (steering) tán láti wọ ilé, á máa ké bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Wọ́n ní táyà ni, mo ra táyà. Wọ́n ní bíárìn ni, mo ra bíárìn. Wọ́n tún ní ṣáàfù ẹsẹ̀ ni, mo ra tọ̀tún-tòsì. Oṣù mẹ́rin ni a fi ń bá a yí. Ìyàwó mi kò gbé e jáde mọ́ nítorí ariwo yẹn máa ń já ọmọ wa kékeré láyà.

Ẹnì kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún Honda ṣe l'Ékòó ló bá wa dé ìdí rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì wo lẹ dà sẹ́yìn?" Ó wá ṣàlàyé pé jíà ẹ̀yìn Pilot kò rí bíi ti ọkọ̀ yòókù. Klọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òòfà oníná ló sì ń jẹ́ kí wọ́n dì mú. Inú ọ́ìlì ni àwọn pẹrẹsẹ irin wọn ti ń fara ra ara wọn. Honda ṣe ọ́ìlì kan fún un, VTM-4 ni wọ́n kọ sí ara agolo rẹ̀. Bí a bá da ọ́ìlì jíà lásán sí i, àwọn irin náà á máa fà, wọ́n á máa jágbà, títí wọn yóò fi jó. A ránṣẹ́ ra VTM-4 l'Ékòó, a fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo náà dínkù, ṣùgbọ́n klọ́ọ̀ṣì òsì ti bàjẹ́. Odidi jíà ẹ̀yìn tòkúnbọ̀ ni mo lọ rà ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó. Bí mo ṣírò gbogbo owó tó bá a lọ, ó tó táyà tuntun mẹ́jọ.

N kò dá ọkọ̀ náà lẹ́bi. N kò sì lè dá mẹkáníìkì wa lẹ́bi tán, ohun tó mọ̀ ló ṣe, èmi tí mo ni ọkọ̀ kò sì ṣí ìwé rẹ̀ wò rí. (Acura MDX 2001 sí 2006, tí Honda náà ṣe, ń lo irú ẹ̀yìn yìí, kí ẹni tó ń wò ó mọ̀.)

Jíà lásán ló wà lẹ́yìn Highlander. Ọ́ìlì jíà GL-5, irú èyí tí bọ́ọ̀sì àti pickup ń lò, ló ń mu. Kò sí ìlú tí ẹ kò ti ní rí i rà, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n dà. Ohun tó jẹ́ kí n rà á nìyẹn.

Táyà

Ibí ni Highlander ti le ju Pilot lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, Pilot sì sábà máa ń fi iwájú nìkan rìn títí ilẹ̀ yóò fi yọ̀. Bí táyà Highlander kan bá kéré sí yòókù, ohun tó wà láàárín tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn kò ní sinmi, ó sì lè bàjẹ́. Ẹ ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, oríṣi kan náà. Kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ propeller kí epo lè dínkù, ẹ má gbà. Ó ń pa Highlander.

Àwọn yòókù

Epo: méjèèjì ń mu ún, láti 2023 ó sì ń dunni. Ìjókòó: Pilot gba ènìyàn mẹ́jọ, àgbàlagbà sì lè jókòó sí ìlà ìjókòó kẹta, àwọn ọmọdé nìkan ló bá ti Highlander mu. Ẹ̀yà ara: ẹ́ńjìnnì V6 Highlander yìí wà nínú Lexus RX 330 àti Toyota Sienna, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Àràròmí n'Ìbàdàn sì kún fún un.

Èwo wá ni?

Bí ẹ bá pọ̀ nílé, tí ẹ ń gbé l'Ékòó, tí ẹ sì mọ ẹni tó mọ Honda dájú, Pilot 2005 sókè yóò sìn yín dáadáa. Bí ẹ bá wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, l'Ádó tàbí l'Ọ́ọ̀wọ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, Highlander ni kí ẹ rà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gbé e lọ sí pápá. Ẹ pa rédíò, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ lọ́ ọwọ́ rẹ̀ tán sí ọ̀tún, kí ẹ rọra fi yípo lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tún ṣe é sí òsì. Bí ẹ̀yìn bá kùn tàbí tó gbọ̀n, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn.