Ìtàn àròsọ tàbí eré onítàn: èwo ni kí n kọ?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìjà inú ìtàn yín wà. Ìtàn àròsọ lè sọ ọ́ gbangba pé àyà Àjàní já bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nínú eré, àfi kí ife máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ kí òǹwòran tó mọ̀. Èyí le gan-an, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti ìnáwó, iwin tí òǹkọ̀wé Fágúnwà kó sínú igbó nínú ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́dún 1938 kò ná an ju yíǹkì lọ. Lórí ìtàgé, aṣọ àti òṣèré ni. Bí òṣèré kan bá ṣàìsàn, eré lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé kà náà ń gbádùn eré.

Bó bá jẹ́ èrò ọkàn àti ìrìn àjò ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ìtàn àròsọ. Bó bá jẹ́ gbólóhùn asọ̀ lójúkojú, ẹ kọ eré.