Ace Double: ìwé kan tó ní iwájú méjì

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ wò, Ace Double ni kó kọ́kọ́ mú, àmọ́ kó mọ ohun tó ń rà. Ọdún 1952 ni ilé ìtẹ̀wé Ace ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ yìí, sẹ́ǹtì 35 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Ìtàn méjì ló wà nínú ẹyọ kan. Bó o bá ka ti àkọ́kọ́ dé àárín, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù á dorí kodò. Pa ìwé náà dé, yí i lódì, sọ orí rẹ̀ di ìdí: ìtàn kejì nìyẹn, pẹ̀lú àwòrán iwájú tirẹ̀.

Ìsopọ̀ náà gan-an ló dùn. Nínú ẹyọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ D-103, tó jáde ní 1955, Solar Lottery, ìwé àròsọ Philip K. Dick tó kọ́kọ́ jáde, ló wà lápá kan. The Big Jump ti Leigh Brackett wà lápá kejì. Ẹni tó tìtorí ọ̀kan rà á lè bá èkejì ṣọ̀rẹ́.

Ohun tí n kò lè fojú fò ni pé wọ́n máa ń gé ìtàn kó lè wọnú ìwé, wọ́n sì máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà. The 1,000-Year Plan (1955) kì í ṣe ìwé tuntun o: Foundation ti Isaac Asimov ni, tí wọ́n gé kúrú. Wá ẹ̀dà mìíràn bó bá jẹ́ odidi lò ń fẹ́.

Bébà Ace Double kò níye lórí. Ásíìdì inú rẹ̀ ń sọ ọ́ di rúsúrúsú, etí rẹ̀ sì ń rún. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọn kò rán an. Gọ́ọ̀mù ọ̀hún ti gbẹ, bó o bá la ìwé náà gbalaja, á dún pàá, ojú ewé á sì máa já bọ́. Bó o bá ń ṣí i, díẹ́gírì 90 ti pọ̀ tó. 60 ló dáa jù. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó já, àbàwọ́n rẹ̀ kì í kúrò nínú bébà. Gbé e kúrò nínú oòrùn àti ọ̀rinrin.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti ń rà á, béèrè àwòrán iwájú méjèèjì, torí òǹtajà sábà máa ń ya èyí tó mọ́ nìkan. Ní kó ka iye ojú ewé ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú: nọ́ńbà ìhà kejì tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sì rọrùn láti mọ̀ pé èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìtàn kan ti sọnù ní àárín.