Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe tí mo ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì: olùkọ́ gidi, iléeṣẹ́ tí kì í gbọ́rọ̀

Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú ìbéèrè kan nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ náà. A gba ọjọ́ 3. Bí A bá ti parí, B tó gba ọjọ́ 5 àti C tó gba ọjọ́ 2 lè bẹ̀rẹ̀ pọ̀. D tó gba ọjọ́ 4 kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí B àti C bá parí. Wọ́n ní ká mú critical path, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó ń pinnu ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ máa parí. Mo mú A-B-D, ọjọ́ 12. Àmì pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà pé mo kùnà. A-C-D, ọjọ́ 9, ni wọ́n pè ní ìdáhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé critical path ni ọ̀nà tó yá jù láti parí iṣẹ́.

Irọ́ ni! Ọ̀nà tó gùn jù ni. Òun ló ń sọ iye ọjọ́ tó kéré jù tí gbogbo iṣẹ́ lè gbà, nítorí bó ti wù kí C yá tó, D ò ní gbéra títí B yóò fi parí. Bó ṣe wà nìyẹn látìgbà tí DuPont àti Remington Rand ti gbé ìlànà náà kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ẹni tó bá gbé ìdáhùn wọn lọ síbi iṣẹ́ yóò ṣèlérí ọjọ́ 9 fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún un, yóò máa lé àwọn tó ń ṣe C ní eré, bẹ́ẹ̀ C ní àyè ọjọ́ 3 láti fi falẹ̀. B tí kò ní àyè kankan ni kò ní bójú tó.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa browser mi, kí n tún un ṣí. Mo ní ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe ti browser. Ó dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, ó sì pa ẹ̀sùn náà dé. Mo gbé òmíràn dìde. Mo ya iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ọfà so wọ́n pọ̀, mo kọ iye ọjọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn dáhùn pé, “Ẹ má bínú, àwọn onímọ̀ ló yẹ àwọn ìdáhùn wa wò, a ò lè yí i padà.” Mo bi í pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ti wo àwòrán náà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbólóhùn kan náà ló tún fi ránṣẹ́, ó wá fi àmì ẹ̀rín sí i nídìí. Àmì ẹ̀rín yẹn dùn mí ju máàkì tí wọ́n gbà lọ.

Fídíò wọn dára, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Kò tíì sẹ́ni tó ṣàlàyé earned value, ìyẹn fífi owó díwọ̀n iṣẹ́ tó ti parí, fún mi bẹ́ẹ̀ rí: bí iṣẹ́ tó ti parí bá tó owó 400, tí ẹ sì ti ná 500, CPI yín (iye iṣẹ́ tí ẹ rí lórí owó kọ̀ọ̀kan tí ẹ ná) jẹ́ 0.8, ẹ ti ń náwó kọjá iṣẹ́ tí ẹ rí. Àmọ́ wọ́n da PMBOK, ìwé atọ́nà fún ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe, rú. Apá kan ń kọ́ni ní ìgbésẹ̀ 49 àti ẹ̀ka ìmọ̀ 10, ti ẹ̀dà kẹfà tí PMI, ẹgbẹ́ tó ni ìwé náà, gbé jáde ní 2017. Apá tó tẹ̀lé e ń sọ̀rọ̀ ìlànà 12 àti performance domain (agbègbè iṣẹ́) 8, ti ẹ̀dà keje ti 2021. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé ti yàtọ̀.

Mo ti fẹ́ gba owó mi padà nígbà tí olùkọ́ tó wà nínú fídíò kọ̀wé sí mi fúnra wọn: “Ẹ̀yin lẹ gbà á. Èmi kọ́ ni mo kọ ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀kọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.” Lórí fóònù, wọ́n ní ká fi iṣẹ́ kan kún un: E, ọjọ́ 1, tó tẹ̀lé C, tó sì gbọ́dọ̀ parí kí D tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí pé àyè mélòó ló kù fún C. Mo ní ọjọ́ 2. Wọ́n ní òótọ́ ni, total float nìyẹn, àyè tí C ní kí ọjọ́ ìparí gbogbo iṣẹ́ tó yẹ̀, àmọ́ tí C bá fi ọjọ́ 1 péré falẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára? Ẹni tó ń ṣe E ni, torí free float C, àyè tó ní kó tó dí iṣẹ́ tó tẹ̀lé e lọ́wọ́, jẹ́ òdo. “Ọjọ́ ìparí ò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti ba ètò ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ pè é kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.” Inú mi dùn débi pé mo pè wọ́n ní mọ́mì láìmọ̀. Látọjọ́ náà, mi ò wo ètò iṣẹ́ kankan láìbéèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ọfà.

Wọ́n ti tún ìbéèrè náà ṣe. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà kọ̀ láti dá máàkì àwọn tó ti ṣe ìdánwò náà ṣáájú padà, wọ́n ní èsì wọn ti wọlé. Ìyẹn ò dáa rárá, mo sì ṣì ń bá wọn fà á.

Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀dà PMBOK tí apá kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé kí ẹ tó sanwó. Ìràwọ̀ 5 nínú 5 ni mo fún un, olùkọ́ ló ni gbogbo wọn.